Gbogbo Ibi Tó Jọ Mápó

Mo rántí ìgbà tí gbogbo agbo ilé wa ní Àrẹ̀mọ di ọ̀mọ̀ràn ojú òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó rí òkun rí nínú wa. Odò Ògùnpa la mọ̀, òun náà kì í sì í ṣe ohun tí à ń lọ wò ṣeré. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yà sí ojúde wa ní ìrọ̀lẹ́ nígbà náà, ẹ ó bá àwọn ìyàwó ilé níbi tí wọ́n ti ń já ẹ̀fọ́, tí wọ́n ń jiyàn bóyá aṣọ tó ń gba atẹ́gùn lórí ọkọ̀ ojú omi kan jẹ́ onígun mẹ́ta tàbí onígun mẹ́rin. Ẹ ó bá àgbàlagbà tó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, tí yóò gbé kẹ́tùlù sílẹ̀ kí ó lè sọ pé irú òkè báyìí ò lè sí ní ilẹ̀ Lárúbáwá láéláé, pé òun ti lọ Mẹ́kà. Èmi ni mo kó wọn sí i. Tàbí kí n kúkú sọ òótọ́: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló dá a sílẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́ di ogun.

Alásè ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ilé ìtura kan ní Èkó ló ti ń dáná nígbà tí òyìnbó olówó kan jẹ ọbẹ̀ rẹ̀, tí kò sì fẹ́ jẹ ti ẹlòmíràn mọ́. Òyìnbó náà ní ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń ta aṣọ funfun gbàgàdà sí lórí kí afẹ́fẹ́ lè máa tì í lọ. Ìgbòkun là ń pe aṣọ náà. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ yẹn títí eré yìí fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bá ọkọ̀ lọ nìyẹn, tó di ẹni tó ń se oúnjẹ lórí omi láti ìlú dé ìlú. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀gá wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí òun wà. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti gbà pé àwọn ò ní dárúkọ ìlú kankan fún ará ilé tàbí ojúlùmọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá rò ó títí, ó ní wọ́n ní kí òun má dárúkọ ìlú ni, wọn ò ní kí òun má ya fọ́tò.

Fọ́tò ló wá ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Kò ní kọ nǹkan kan sí i. Àwa la ó wò ó, tí a ó tún un wò, tí a ó sọ ibi tó jẹ́. Tí a bá gbà á, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá tún bá wọn níbi tí wọ́n wà, bóyá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi ń dá wa lóhùn: "Káre." Tí a ò bá gbà á, ojú kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀ ni yóò fi ránṣẹ́. Mo kórìíra ojú yẹn.

Ìyá wa ló ni eré náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní àsùbáà, kí ó tó dìde lórí ẹní ìkírun, ó gbọ́dọ̀ ṣe àdúà fún àwa ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti ibi tí a wà. Tèmi kò le: "ọmọ mi tó ń bẹ ní Bẹẹrẹ nídìí kọ̀ǹpútà." Tó bá kan ẹ̀gbọ́n mi, yóò dákẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ ṣáà dárúkọ wọn, Ọlọ́hun mọ ibi gbogbo." Ó ní, "Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n."

Nǹkan mìíràn tún wà ńlẹ̀ tó ju àdúà lọ. Ojú ìyá wa ń lọ. Nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, tó fi jẹ́ pé ohùn ló fi ń dá wa mọ̀ tí a bá dúró lókèèrè. Dókítà sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ tí kò le ni, pé wọ́n ń ṣe é fún àgbàlagbà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni yóò máa le sí i. Ìyá wa kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹnì kan tí òun mọ̀ ní Oníyanrìn ṣe é, onítọ̀hún ò sì ríran mọ́ rárá. "Díẹ̀ tó ṣẹ́kù lójú mi yìí," ó ní, "ọmọ mi ni mo fẹ́ fi rí. Tí mo bá ti rí i tán, kí wọ́n gbé ọ̀bẹ wá." Ó sì kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, kí ó má lọ tìtorí ojú òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tí yóò délé. Ìgbà tó bá wu ọ̀gá wọn ni. Mo wá ní tí n bá lè mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ yẹn ń gbà, màá mọ̀ bóyá ilé ló ń bọ̀ àbí ó ń lọ. Màá lè sọ fún ìyá mi pé ọmọ rẹ̀ ti sún mọ́lé, kí ojú náà tó kú pátápátá. Ohun tí mò ń wá nínú fọ́tò nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tí dídùn eré náà fi ń gbé mi gbàgbé.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní ní Bẹẹrẹ, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé, tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí mo ti ń bá àwọn ọmọ iléèwé fi orúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ọjọ́ tí fọ́tò àkọ́kọ́ dé, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ̀ ẹ́ títí ó fi gba gbogbo ojú rẹ̀. Ọkọ̀ onígi kéékèèké ló kún etí omi, aláwọ̀ búlúù, pupa àti ìyeyè, wọ́n sì ya ojú méjì sí iwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ̀ lè máa rí ibi tó ń lọ. Mo pa iṣẹ́ kọ́sítọ́mà tì. Mo wá a lọ, mo wá a bọ̀. Nígbà tí mo rí i pé ní erékùṣù Málítà ni wọ́n ti ń ya irú ojú bẹ́ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ kíá. Ìgbà tí "Káre" dé, mo lọgun tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá tó wá tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fi sá bọ́ síta. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé kò sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi lè fara pamọ́ sí láyé yìí tí n ò ní bá a níbẹ̀. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, ọmọdé ń ṣe mí.

Ẹni tí kò jẹ́ kí n gbádùn ògo yẹn pẹ́ ni bàbá kan ládùúgbò wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì, Bàbá Tíṣà sì ni tèwe tàgbà ń pè é. Ó wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan, ó rí fọ́tò lójú kọ̀ǹpútà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Omi tóóró kan ni, láàárín òkè gíga méjì tó dúró ṣánṣán, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi sì wà nísàlẹ̀ bí ẹyọ ìrẹsì. Láti àárọ̀ ni mo ti wà lórí ẹ̀.

Bàbá ní, "Nọ́wè."

Mo ní, "Ẹ rọra, Bàbá, ẹ jẹ́ ká wá a ná."

Ó ní, "Kí lò ń wá? Yìnyín ló gbẹ́ àfonífojì yẹn. Mo ti ya irú ẹ̀ sójú pátákó kí wọ́n tó bí ẹ."

Nọ́wè ni lóòótọ́. Láti ìgbà yẹn, bàbá kì í délé ní ìrọ̀lẹ́ láì kọ́kọ́ yà sí agbo ilé wa, tòun ti ìwé máàpù ńlá kan tí díẹ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ ti kú kí n tó dáyé. Tó bá fi ìka sí ibì kan, màá ní, "Bàbá, kò sí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́." Á ní, "Orúkọ ló pààrọ̀, òkè ò kúrò níbẹ̀."

Bí agbo ilé ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn kan wà lẹ́yìn mi, àwọn kan wà lẹ́yìn Bàbá Tíṣà. Òkè, omi àti òjìji oòrùn ni bàbá ń wò. Èmi, nǹkan tí ọwọ́ ènìyàn ṣe ni mò ń wò: irú ìgbòkun tí wọ́n ta, irú èdè tí wọ́n kọ sára ògiri, apá ibi tí mọ́tò ń gbà lójú títì, bí wọ́n ṣe sá aṣọ sójú fèrèsé. Mo fi ìgbòkun onígun mẹ́ta àti àwọn obìnrin tó wọ híjáàbù létí omi gba Sánsíbà mọ́ bàbá lọ́wọ́, tí àwọn ìyàwó ilé wa fi gbé mi sókè. Òun fi ọ̀pẹ dáètì àti erùpẹ̀ pupa gba Íjíbítì mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì ní kí n dọ̀bálẹ̀. Mo ní obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n kúnlẹ̀ nígbà náà, mo sì kúnlẹ̀. Ilé tí a ti ń jà nítorí ta ló gbá ilẹ̀ àti ta ni kò gbá a, ti wá di ilé tí wọ́n ti ń bi ara wọn láàárọ̀ pé, "Ṣé òkun ti dé?" Inú wa dùn nígbà náà, mi ò ní purọ́. Ayé fẹ̀, ó sì ń wọlé tọ̀ wá ní Àrẹ̀mọ lórí fóònù tí ojú rẹ̀ ti là.

Tí fọ́tò bá dé, ìyá wa la máa ń kọ́kọ́ gbé e fún, nítorí òun ni ìyá. Yóò gbé fóònù súnmọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. Ohun tó ń rí níbẹ̀ kò ju àwọ̀ lọ, ilẹ̀ tó dúdú àti ibi tó mọ́lẹ̀. Yóò wò ó, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní, "Mápó nìyí."

Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín, torí gbọ̀ngàn àtijọ́ tó wà lórí òkè ìlú wa níbí ni Mápó. Ìgbà kan tó sọ bẹ́ẹ̀, ilé ìṣọ́ àwọn ológun àtijọ́ ló wà nínú fọ́tò, lórí òkè létí omi ní Sípéènì. Ìgbà mìíràn, Pọ́túgà ni, tí ilé tó kan ara wọn kún gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ibikíbi tí ilé bá wà lókè, tí páànù tàbí ohun tó jọ páànù bá pọ́n nísàlẹ̀ rẹ̀, Mápó ni lójú ìyá wa. Ó sọ ọ́ ní ti Málítà. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ nípa òkúta lásán kan tí ẹyẹ òkun bà lé lórí. Ó di àṣà. Tí fọ́tò bá ti wọlé, àwọn ọmọdé ilé á ti máa pariwo pé "Mápó ni o, Mápó ni" kí ìyá tó lanu. Bàbá Tíṣà á mi orí, á ní, "Ìyá wa, ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun." Ìyá wa á ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n wo oko bàbá mi." Kò bínú rí. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í lẹ́yìn náà, tí màá ṣàlàyé ohun tó wà nínú fọ́tò fún un ní kíkún, ìlú wo ni, kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀," á sì fi orúkọ ìlú náà sínú àdúà àsùbáà.

Nígbà tó yá, mo lẹ máàpù ayé mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo ń fa ìlà láti ibi kan dé ibi kejì. Ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn Málítà ó gòkè dé Nọ́wè, láti ibẹ̀ ó wá sọ̀ sí Pọ́túgà, ó wọ Sípéènì, ó dé Íjíbítì, ó dé Sánsíbà. Mo sáré dé ilé lọ́jọ́ tí Sánsíbà jẹ́ "Káre". Mo ní, "Màmá, wọ́n ti wà ní Áfíríkà. Wọ́n ń bọ̀ nílé." Ìyá wa fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú, ó ní, "Ṣé wàá mú mi lọ bá dókítà, kí n lọ béèrè ọjọ́?" Mo ní a máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, fọ́tò mìíràn dé. Ilé funfun pẹ̀lú òrùlé búlúù, ní etí òkun búlúù. Kò ní iyàn nínú. Gíríìsì ni, wọ́n ti padà sókè. Mo ronú pé kí n má sọ fún un, ṣùgbọ́n agbo ilé ò ṣeé fi nǹkan pamọ́ sí. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọdé. Ó ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé," ó wọ yàrá rẹ̀, a ò sì tún dárúkọ dókítà mọ́.

Lẹ́yìn náà ni fọ́tò dá. Ó pẹ́ kí ohunkóhun tó tún wọlé. Ọyẹ́ dé, ètè ń bó, eruku gbòde kan. Láàárín ìgbà yẹn ni ìyá wa da omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, nítorí ibi tó rò pé ife wà kọ́ ni ife wà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún sí i lọ́rùn. Ó ní, "Mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ fi ojú mi ṣe." Ẹ̀rù wá ń bà mí gan-an. Àdánù tó wà ńbẹ̀ wá yé mi nígbà náà, mo sì rí i pé eré kọ́ ni mò ń ṣe.

Àárọ̀ Sátidé kan, gbogbo wa wà nílé, Bàbá Tíṣà ti wà lórí àga rẹ̀ ní ojúde, fóònù mi dún. Fọ́tò ni. Mo pariwo pé òkun ti dé, ẹsẹ̀ pé. Ìgbòkun funfun kan ló gba ìdajì fọ́tò náà, ó fẹ́, ó yọ ikùn síta, okùn tín-ínrín kan fà á lápá kan. Nísàlẹ̀ rẹ̀, kùrukùru funfun ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi tí kò mì. Lẹ́yìn kùrukùru, òrùlé pupa rúsúrúsú bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ọ̀kan lórí èkejì, àìmọye. Lókè téńté, orí àwọn òpó ńláńlá yọ nínú kùrukùru, oòrùn àárọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan wọ́n.

Mo ní, "Gíríìsì. Ẹ wo òpó. Ilé òrìṣà àtijọ́ ni."

Bàbá Tíṣà ní, "Wọn kì í kun òrùlé báyẹn ní Gíríìsì. Ítálì ni, ìsàlẹ̀ pátápátá."

A gbé e fún ìyá wa. Ó gbé fóònù mọ́ ojú, ó wò ó pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ní, "Mápó nìyí."

A rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ kékeré kan ń yí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi, ọ̀mọ̀wé, mo jókòó ti ìyá mi, mo fà á lọ́wọ́, mo ń ṣàlàyé fún un bí àwọn ará Gíríìsì ṣe ń gbẹ́ òpó, pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti gbé wọn dúró, pé kò sí irú ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí òpó Mápó lókè tí mo bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu mi ò já mọ́ nǹkan kan tí n bá rántí ọjọ́ yẹn.

Mo fi Gíríìsì ránṣẹ́. Ojú aláwọ̀ ìyeyè wọlé lójú ẹsẹ̀. Mo fi Ítálì ránṣẹ́ nítorí bàbá, òmíràn wọlé. Tọ́kì. Òmíràn. Sípéènì. Òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń lo ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó fèsì ló ń fèsì bí ẹni tó jókòó tì wá yìí, kò sì sí ẹnì kankan tó ro ìdí rẹ̀. Bàbá ti ṣí ìwé máàpù sórí ilẹ̀, àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí i ká, ariwo gba gbogbo agbo ilé. Nígbà tí mo yíjú padà láti wo ìyá mi, kò sí lórí àga. Bàtà rẹ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Ìborùn rẹ̀ kò sí lórí okùn.

Mo dé yàrá, mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo dé ilé ẹ̀gbẹ́. Ọmọ kan tó ń ta omi lẹ́nu ọ̀nà ní ìyá ti jáde, pé wọ́n ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sí apá Bẹẹrẹ. Orí mi fò lọ. Obìnrin tó da omi gbígbóná sẹ́sẹ̀ nínú yàrá ara rẹ̀, òun ló lọ bọ́ sáàárín ọ̀kadà àti mọ́tò. Mo sáré. Mi ò rántí pé mo wọ bàtà. Ní Bẹẹrẹ, mo bi ìyá kan tó ń ta abọ́ onírin bóyá ó rí obìnrin àgbàlagbà tó wọ ìborùn funfun.

Ó ní, "Èyí tójú ń dùn? Èmi ni mo bá a dá mọ́tò dúró kó fi sọdá. Ó ní Mápó lòun ń lọ, pé ọmọ òun gbé ọkọ̀ ojú omi débẹ̀. Mo ní kí Ọlọ́hun bá wọn ṣe é. Ṣé kì í ṣe pé orí ń dà wọ́n láàmú?"

Bí mo ṣe ń sáré ni mò ń tẹ fóònù, nítorí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi mọ ohun tí eré rẹ̀ ti dá sílẹ̀. Mi ò lè máa sáré kí n tún kọ gbólóhùn kan tó pé. Ohun tó jáde kò ju "Màmá. Mápó" lọ. Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó fèsì lójú ẹsẹ̀: "Káre."

Inú bí mi débi pé mo dúró sójú títì. Mo fẹ́ sọ fóònù náà mọ́lẹ̀. Ìyá wa sọnù, o ń sọ pé káre. Ọlọ́kadà kan yà fún mi, ó bú mi, mo gbé orí sókè láti bú u padà, mo sì rí i. Kùrukùru ọyẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀. Òrùlé tó pọ́n rúsúrúsú gun òkè, ọ̀kan lórí èkejì. Lókè téńté, orí òpó Mápó yọ, oòrùn ń kan wọ́n. Lápá ọ̀tún mi, lórí pẹtẹ́ẹ̀sì gíga kan, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ìgbòkun funfun ńlá kan ń fẹ́ nínú atẹ́gùn, ó yọ ikùn síta. Ara mi bù máṣọ. Mo fọwọ́ dé orí, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, àwọn ará ọjà ń wò mí.

Mo gun òkè náà bí ọmọdé. Ìyá wa jókòó sórí àtẹ̀gùn Mápó, ó ká ọwọ́ lé orúnkún, ó ń bi ẹnikẹ́ni tó bá kọjá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí alásè kan níbí?" Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan ti ń sáré bọ̀ láti apá kejì, ó dúdú, ó ga, kò tilẹ̀ ráyè wọ bàtà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta, ó ń pe Màmá. Ìyá wa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Dìde. Súnmọ́ ibí." Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú orí rẹ̀, ó yí i sí apá ibi tí oòrùn wà, ó sì gbé ojú ọmọ rẹ̀ súnmọ́ ojú tirẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe ń ṣe sí fóònù, títí imú àwọn méjèèjì fi kan ara wọn. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "O ti rù, ọkọ mi." Lẹ́yìn náà ló gbá a létí, èyí tí kò dùn ún, ó ní, "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé àárọ̀ yẹn lòun wọ̀lú, pé òun fẹ́ wò ó bóyá a ó mọ ilé wa tí a bá rí i, pé ìgbòkun náà ti gbó ni ọ̀gá fi fún òun, òun sì ta á sókè ilé ọ̀rẹ́ òun, pé ibẹ̀ lòun wà tóun fi rí Màmá lórí àtẹ̀gùn. Láàárín ọ̀rọ̀ yẹn ló rí ojú ìyá wa ní tòsí. "Màmá, kí ló ṣe ojú yín?" Ó yíjú sí mi. Mo wolẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé orí lé itan ìyá wa, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ìyá ń pa á lórí, ó ní, "Ó tó. Mo ti rí ẹ. Ẹ lọ sọ fún dókítà." Ibẹ̀ la wà nígbà tí Bàbá Tíṣà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìwé máàpù wà lábíyá. Ó wo òpó, ó wo ìgbòkun lórí pẹtẹ́ẹ̀sì, ó wo òpó padà. Ó ní, "Olúwa mi," ó sì jókòó tì wá.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló mú ìyá wa lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ṣe ojú kan, nígbà tó jinná wọ́n ṣe èkejì. Alíhamdulilai, ó yọrí sí rere. Àwọn àgbà àdúgbò wá kí i, wọ́n ń sọ pé ohun tí àgbà bá jókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Ìyá wa kàn ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sórí omi báyìí, lọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn tí kò ní àṣírí kankan. Orúkọ ìlú wà lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, iyàn ti tán, Bàbá Tíṣà sì ń ráhùn pé wọ́n ti ba eré jẹ́. Ìyá wa ní fóònù tirẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ó ní kí n kó gbogbo fọ́tò àtijọ́ sórí ẹ̀, òun fẹ́ fi ojú òun wò wọ́n. Ó ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń yà á lẹ́nu, ó ń bi mí pé ṣé ojú ni wọ́n yà síwájú ọkọ̀ yìí lóòótọ́. Ó dé orí èyí tó kẹ́yìn. Ó dúró lórí ẹ̀.

Ó ní, "Ìlú òyìnbó wo nìyí?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní, "Màmá, Mápó nìyẹn."

Ó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́, ó mi orí. Ó ní, "Irọ́ ni. Èyí ò jọ Mápó rárá."

Mo wá bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn látọjọ́ yẹn. Mo ní báwo lẹ ṣe wá mọ̀ lọ́jọ́ náà, tó fi dá yín lójú débi tẹ́ ẹ fi dìde tẹ́ ẹ lọ?

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ó kàn ti sú mi kí ọmọ mi máa wà níbòmíràn."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún fọ́tò náà wò dáadáa. Òótọ́ ló sọ, kò jọ ọ́.